Ta ló máa mọ̀ tí ọmọ ò bá jáde ní yàrá?

Ìyá Ìbejì, Kent
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ní ìbéèrè, ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi. Ìdòwú mi ń kọ UCAS lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù ìwọlé sí yunifásítì níbí. Yunifásítì márùn-ún ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti mú, dẹ́dìláìnì ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì wà ní January, bàbá ẹ̀ sì ti kọ lísìtì tiẹ̀ sórí bébà, Russell Group, àwọn yunifásítì olórúkọ ńlá, látòkè délẹ̀, kò tiẹ̀ bi ọmọ léèrè. Èmi ò fẹ́ ja ìjà yẹn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí tipẹ́ á rántí ohun tójú wa rí lórí Táíwò. Èsì tó dáa ló fi wọlé, ilé-ìwé olórúkọ, a pe èèyàn, a se ìrẹsì. Láàárín October sí February ọmọ yìí ò lọ kíláàsì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Tí mo bá pè é, á ní kò sí nǹkan mọ́mì, mò ń kàwé ni. Ọbẹ̀ tí mo dì fún un wà nínú fìríìsà bí mo ṣe dì í, kò ṣí i. Ó ń sùn lójúmọmọ, ó ń lajú sílẹ̀ lóru. Kò sẹ́nì kankan tó kan ilẹ̀kùn. Ìméèlì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ pé kò wá sí kíláàsì, ìméèlì lórí ìméèlì, sí ọmọ tí kò ṣí laptop. Kẹ́hìndé ló ní ara òun ò lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó wọ kóòṣì lọ bá a, òun ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé mọ́mì, ẹ máa bọ̀.

Ara ẹ̀ ti yá, a dúpẹ́, ó ti ń ka nǹkan míì nítòsí ilé. Àmọ́ ní ti Ìdòwú, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé lọ sí open day, ọjọ́ tí yunifásítì ń pe òbí àti ọmọ wá wò wọ́n: tí ọmọ mi ò bá jáde ní yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ló máa mọ̀? Kí ni kí n wò, kí ni kí n béèrè?

Bọ̀dá Engineer, Manchester
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú sí mi o, mo rò pé a ti ń kẹ́ àwọn ọmọ yìí jù. Àwa tá a kàwé ní Ifẹ̀, ta ló bá wa sọ̀rọ̀ counsellor? Mẹ́jọ la wà nínú yàrá kan ní Awo Hall, squatter wà nílẹ̀, iná ò sí, omi ò sí, ASUU ń daṣẹ́ sílẹ̀, a ṣáà jáde. Kí wọ́n kàwé jàre.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dáhùn ìbéèrè wọn láìmọ̀ 😂 Mẹ́jọ nínú yàrá kan pẹ̀lú squatter! Ta ló fẹ́ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò ní da omi sí lára? Tẹ́ ẹ ò bá jẹun, ẹnì kan á ṣáà ní ó yá, wá bá wa jẹ ẹ̀bà. Ẹ wá wo yàrá tí à ń sanwó fún níbí. Ilé ìwẹ̀ tiẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, kíṣìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, stúdíò ni wọ́n ń pè é, òun ló sì wọ́n jù. Àwa òbí gan-an là ń sáré gbà á torí ó mọ́ tónítóní. Ọmọ tó bá wà nínú stúdíò, ilẹ̀ lè mọ́ kó tún ṣú láìrí ojú èèyàn kan. Mo ní kí tèmi mú èyí tí èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ti jọ ń lo kíṣìnì kan. Wọ́n ń jí ẹyin ara wọn jẹ, wọ́n ń jà lórí abọ́ tí wọn ò fọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ tí ẹnì kan ò bá wá dáná. Hall tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún wọn náà dáa fún irú ọmọ tí kì í lè jẹun tí ìrònú bá ti dé.

Iṣẹ́ mental health ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù: GP, dọ́kítà àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá débẹ̀ kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP tó wà nítòsí yunifásítì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi orúkọ sílẹ̀ síbi ti ilé, nígbà tára bá wá dà rú ní November, GP ilé jìnnà, GP ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Tó bá wálé fún holiday kò séwu, GP ilé lè gbà á bí àlejò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Counsellor yunifásítì dáa, ṣùgbọ́n ìjókòó díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, wọn kì í sì í kọ oògùn fúnni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé open day, ẹ má béèrè pé ṣé ẹ ní counselling. Gbogbo wọn á ní àwọn ní, wọ́n á fún yín ní péènì àti báàgì. Ẹ béèrè pé látọjọ́ tí ọmọ bá kọ fọ́ọ̀mù, ọjọ́ mélòó ló máa ń tó kó tó rí èèyàn, nínú November tí iṣẹ́ ti wọra, kì í ṣe July o. Kẹ́ ẹ máa wo ojú wọn.

Tó bá jẹ́ òru: NHS 111, ẹ tẹ 2, ti mental health nìyẹn ní England. Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ ìṣòro èèyàn lórí fóònù, 116 123, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ní Nightline, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ló ń gbé fóònù lóru, ẹ béèrè bóyá ilé-ìwé yẹn ní.

Ìyá Ìbejì, Kent
Ẹ ṣeun gan-an. Stúdíò ni Táíwò wà o. Èmi ni mo mú un. Èmi fúnra mi.

Kí ló wá dé tí wọn ò fi pè wá? Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní data protection.

Tíṣà, Coventry
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, ta ló sọ fún yín. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mélòó kan, bó ṣe rí nìyí: ọmọ tó bá ti pé 18, àgbàlagbà ni lójú òfin, bí wọ́n bá tiẹ̀ mọ̀ wọn ò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ̀mí ẹ̀ bá wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan ti wá ọgbọ́n sí i. Láti 2018, Bristol máa ń bi ọmọ léèrè nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀ pé tá a bá ń ṣàníyàn gan-an nípa ẹ, ṣé ká pe òbí tàbí ẹlòmíì tó o bá yàn? Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn míì náà ti ń ṣe irú ẹ̀, gbogbo wọn kọ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn fún open day. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Ìdòwú fúnra ẹ̀ yàn, tẹ́ ẹ bá fi agbára mú un, á kọ nọ́ńbà tí kò ṣiṣẹ́, mo ti rí i.

Ẹ má sì sá fún lísìtì bàbá ẹ̀ pátápátá. Orúkọ kọ́ ni ọ̀tá. Oxford àti Cambridge, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni táàmù wọn, iṣẹ́ ibẹ̀ ń léni sáré, irọ́ kọ́. Síbẹ̀ ọmọ méjì mẹ́ta ló ń jókòó níwájú olùkọ́ lọ́sẹ̀, tí ọ̀kan ò bá wá, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n mọ̀. Ẹ fi wé lecture èèyàn 300 tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ka káàdì wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tẹ́ ẹ máa wò kọjá orúkọ: ẹ ṣí ojú ewé kọ́ọ̀sì yẹn, ẹ ka module kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá 100% ẹ̀sáàmù ní May ni àbí wọ́n ń pín in sí coursework. Ọmọ tí ẹ̀sáàmù máa ń dẹ́rù bà, kí ló dé tẹ́ ẹ máa mú un lọ síbi tí ọdún kan gbáko ti rọ̀ sórí wákàtí mẹ́ta? Kọ́ọ̀sì kan náà ni, ìyàtọ̀ àárín ilé-ìwé méjì á yà yín lẹ́nu.

Èkejì, DSA, owó ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àìlera. Tí Ìdòwú bá ní ohunkóhun tí dọ́kítà ti kọ sílẹ̀ tó sì ti ń bá a fínra tipẹ́, bí àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ADHD, kó gbé e wọlé lọ́dọ̀ Student Finance ní kété tó bá ti béèrè owó ilé-ìwé. Kì í ṣe lóònù, ẹ ò ní dá a padà, wọn kì í wo owó oṣù òbí. Ó lè sanwó mentor tó máa jókòó tì í lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn gan-an sì lẹni tó máa mọ̀ tí kò bá jáde. Ibi tí UCAS ti béèrè bóyá ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máàkì í. Mo mọ ohun tá a máa ń sọ láàárín ara wa, pé kí wọ́n má lọ pè é ní wèrè. Equality Act 2010 ti kà á léèwọ̀ kí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Kò ní pa á lára, ó ṣí ilẹ̀kùn ni.

Ìyá Ìbejì, Kent
Bàbá ẹ̀ ní kó má máàkì nǹkan kan. Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ báyìí.

Japa 2023
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ sọ díẹ̀ fún àwa tá a wá pẹ̀lú físà, torí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Nàìjíríà ń ka ibí. DSA yẹn kò kàn wá. Ṣùgbọ́n Equality Act kàn wá, ẹ lè béèrè àkókò sí i nínú ẹ̀sáàmù àti sísún dẹ́dìláìnì síwájú, ẹ sì ti san £776 lọ́dún fún NHS, ẹ lọ lo GP yín jọ̀ọ́, ẹ ti sanwó ẹ̀. Èmi, owó ilé-ìwé tó rọjú jù ni mo wò, mi ò wo ìlú. Ìlú kékeré, iṣẹ́ ò sí, mo ń wọ bọ́ọ̀sì wákàtí méjì lọ ṣe care lóru, mo ń dé ní aago mẹ́jọ, kíláàsì aago mẹ́wàá. Wákàtí ogún ni físà gbà lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ, ogún yẹn ò tó fún ìdajì owó tí mo jẹ. Náírà wá já ní 2023 kí n tó san ìdá kejì owó ilé-ìwé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé tẹ́ ẹ bá dá ìwé dúró ju bí 60 ọjọ́ lọ, wọ́n sábà máa ń fagi lé ìgbọ̀wọ́ físà, kẹ́ ẹ padà sílé ni. Torí náà kó tó dójú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀, ẹ kọ fọ́ọ̀mù mitigating circumstances, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣàlàyé ìṣòro tó dé bá yín, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń rìn. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe master's kó tún mọ̀ pé láti January 2024 wọn ò jẹ́ ká mú ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe research. Ìwọ nìkan lo ń bọ̀. Ìlú tó o bá ti ní ẹnì kan tó o lè lọ jẹ àmàlà nílé ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ìlú yẹn ni kó o mú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds
Oore. Ẹ kú ìfaradà àbúrò. Ṣé ẹ ti ń sùn báyìí?

Japa 2023
Mo ti ń sùn mà. Mo ti parí.

Olóòtú irun, Birmingham
Tèmi ò pọ̀. Ẹ má lọ open day Saturday nìkan, wọ́n ti gbálẹ̀ dè yín. Ẹ lọ lọ́jọ́ Tuesday kan ní November tójò ń rọ̀, kẹ́ ẹ dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Níbi tó jìnnà sókè bí Aberdeen, oòrùn ti wọ̀ ní bí aago mẹ́ta àbọ̀ ní December, kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á. Kẹ́ ẹ bi ọmọ dúdú kan tẹ́ ẹ bá rí lójú ọ̀nà pé níbo lo ti ń di irun, níbo lo ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣé ACS yín, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti Caribbean, ń pàdé àbí orúkọ lásán ni. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ reluwé wá bá mi nítorí irun nìkan, ẹ ò ní mọ bí inú wọn ṣe máa ń dùn tó láti kàn jókòó sáàárín wa.

Màmá Baltimore
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ìlú ọba. Níbí náà, òfin FERPA láti 1974, tọ́mọ bá ti wọ college, òun ló ni ìwé ẹ̀, kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó. Kí ọmọ mi tó kó lọ, a jọ jókòó, ó fọwọ́ sí i pé kí n lè rí èsì, ó tún fọwọ́ sí ìwé tó fi mí ṣe agbẹnusọ lọ́dọ̀ dọ́kítà. Insurance wa ṣì gbé e títí á fi pé 26. Ibì kan fún un ní scholarship ńlá, àmọ́ tí GPA, àpapọ̀ máàkì ẹ̀, bá já báyìí owó ti lọ, mo ní rárá, ọmọ ò lè máa sùn lórí abẹ́. Morgan State, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ló mú níkẹyìn, ó ní òun ò fẹ́ jẹ́ dúdú kan ṣoṣo nínú kíláàsì mọ́, ó ti ṣe ìyẹn láti primary. Inú ẹ̀ dùn. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà, 988 ni nọ́ńbà òru.

Tíṣà, Coventry
Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀rù ẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ dákẹ́. £9,535 ni ní 2025/26, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Student Finance England ló ń san án, 25% ni gbèsè ẹ̀ ní táàmù kìíní, 25% ní ìkejì, 50% tó kù di ìkẹta. Ọmọ tó bá fi í sílẹ̀ kí táàmù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ ju ìdajì lọ. Tó bá sì jẹ́ àìsàn ló dá a dúró, ó lè kọ̀wé kí wọ́n fi owó ọdún kan kún un. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ. Railcard 16-25 náà, ó ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta owó reluwé, ẹ rà á kí wíwá sílé má di ìṣòro.

Bọ̀dá Engineer, Manchester
Stúdíò ni ọmọ mi wà ní Glasgow. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é, kò gbé e.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ẹ̀gbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ẹ tún pè é. Ẹ má bèèrè ìwé.

Bọ̀dá Engineer, Manchester
Ó gbé e. Ó wà ní gym. Ó ní kí ló dé, mo ní mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní dádì, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?

Ìyá Ìbejì, Kent
Leicester là ń lọ ní Saturday, à ń tún lọ lọ́jọ́ Tuesday kan bí Olóòtú irun ṣe wí. Àyè méjì kù nínú mọ́tò tí ọmọ ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá wa lọ, Dartford la máa gbà kọjá.