Ìmọ̀ràn kíákíá: Ọ̀nà ìṣirò wo ni mo lè fi mọ ohun tó ń mú kí àwọn ewúrẹ́ máa jẹko pa pọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ìwádìí mi lé alábòójútó mi lọ́wọ́. Mo ṣọ́ agbo ewúrẹ́ kan lẹ́bàá Òmù-Àrán, mo sì ń kọ àwọn tó bá jẹko pa pọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ orí ló ń pinnu èyí tí wọn yóò bá rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà ìṣirò wo ni kí n lò?

Ọmọ Ìgbómìnà: Àbúrò, o kò sọ iye ewúrẹ́ náà, o kò sì sọ bí o ṣe ń dá wọn mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ewúrẹ́ dúdú ilé wa yìí kò rọrùn láti yà sọ́tọ̀ láti òkèèrè. Bí o bá ń dá gbogbo wọn mọ̀ ní gbogbo ìgbà, simple ratio index ti tó: mú iye ìgbà tí o rí méjèèjì pa pọ̀, kí o fi iye gbogbo ìgbà tí o rí ọ̀kan nínú wọn tàbí méjèèjì pín in. Bí àwọn kan bá ń bọ́ mọ́ ọ lójú, half-weight index, tó ń ka ìdajì àwọn ìgbà tí o rí ọ̀kan láìsí èkejì, ló yẹ. Lẹ́yìn náà, lo asnipe, irinṣẹ́ kan lórí R (ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò), kí ó máa pààrọ̀ àwọn ewúrẹ́ láàárín àwọn ọ̀wọ́ tí o rí, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ Bejder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé ní 1998.

Ìyá Ọ̀fà: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Ohun tí èmi ṣe lórí àwọn àgùntàn gan-an nìyẹn. Ẹni tí wọ́n pè láti ìta wá yẹ iṣẹ́ náà wò dá a padà, mo sì ń tún orí méjì kọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ran aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Irú permutation (pípààrọ̀ láìyàn) bẹ́ẹ̀ ń wádìí bóyá àwọn ẹran kàn ń pàdé ara wọn láìyan ara wọn ni. Kò wádìí bóyá ọjọ́ orí ló fà á. Bí wọ́n bá ń yan ara wọn nítorí ohun mìíràn pátápátá, èsì lè sọ pé ọjọ́ orí ni. Onímọ̀ Weiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn kedere ní 2021.

Àáfà Oníṣirò: Òótọ́ ni ẹ sọ, Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo permutation di èèwọ̀. Bí a bá pààrọ̀ orúkọ àwọn ẹran lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì (àwòrán èyí tó ń bá èyí rìn) tí a ti ṣírò tán, ìbéèrè ọjọ́ orí gan-an ni ó ń dáhùn. MRQAP, ọ̀nà ìṣirò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wà nínú asnipe kan náà.

Ọmọ Ìgbómìnà: Àáfà, bí ó bá rí ewúrẹ́ kan lọ́pọ̀ ìgbà ju èkejì lọ ńkọ́? Pípààrọ̀ orúkọ kò mọ ìyẹn rárá.

Ìyá Ọ̀fà: Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀nà Bayes, ìṣirò tó ń sọ bí ìdánilójú wa ṣe pọ̀ tó, bíi BISoN tó jáde ní 2023. Ewúrẹ́ méjì tí a rí pa pọ̀ ní ìgbà 1 nínú 2 àti méjì tí a rí pa pọ̀ ní ìgbà 50 nínú 100 ní ìdajì kan náà, ṣùgbọ́n ìdánilójú wa lórí wọn kò dọ́gba, ọ̀nà yìí sì ń gbé ìyàtọ̀ náà dé ìparí ìṣirò.

Àáfà Oníṣirò: Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Bayes láti ìbẹ̀rẹ̀ kí Jímọ̀ tó dé, Ìyá.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyi: Ọmọ mi, èyí tó bá ń dá jẹko nínú wọn, yẹ ojú àti imú rẹ̀ wò fún kàtá (àrùn ewúrẹ́ tó ń ràn), kí o sì tètè sọ fún olówó ẹran kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn yòókù. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú kò sì yan ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ̀ lẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alábòójútó mi ní SOCPROG, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fún irú ìṣirò yìí, ni òun mọ̀, half-weight index àti ìdánwò Mantel (tó ń wò bóyá tábìlì méjì bára mu) ni kí n sì lò, nítorí náà ohun tí màá ṣe nìyẹn. Mo ti yọ àwọn ọmọ ẹnu ọmú kúrò gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni wọ́n ti lè bá mi di ìwé ní Tanke kí ó tó di àkókò ìrun Jímọ̀?