Hòtẹ́ẹ̀lì tó já yín kulẹ̀ lẹ́nu ìrìn àjò ọdún: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti Kérésì lọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Èmi, bàbá Ìbejì àtàwọn ọmọ mẹ́ta gbéra n'Íbàdàn ní aago mẹ́fà àárọ̀. A gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, a dúró wo omi tó ń já bọ́ látorí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, àwọn ọmọ gun àpáta dé ipele kejì, inú wọn dùn dé eyín. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti kọjá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, a ti wọ Ìkọ́gòsì.

Orí fóònù ni mo ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀, alẹ́ méjì, ₦70,000. Nínú fọ́tò, ògiri funfun báláú, òdòdó lórí ibùsùn, wọ́n kọ ọ́ pé iná àti omi gbígbóná wà tọ̀sántòru. A ṣílẹ̀kùn, òórùn ọ̀rinrin ló pàdé wa. Mo gbé ìrọ̀rí, irun àtọwọ́dá tó gùn tó apá mi ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìpara orí ẹlòmíì sì ti sọ aṣọ ìrọ̀rí di pupa rúsúrúsú. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, ó mí fùùù, omi dúdú díẹ̀ kán sílẹ̀, ó tán. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n gbé wá fún àwa márùn-ún. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.

Ìlú tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀ o! Omi tútù ni mo fi wẹ Ìdòwú mi níbẹ̀, tòun ti ikọ́ lẹ́nu.

Adé Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ṣé wọ́n dá owó yín padà?

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
Irun lábẹ́ ìrọ̀rí! Mi ò ní sùn níbẹ̀ láéláé. Inú ọkọ̀ ni màá sùn.

Àǹtí Bísí
Bàbá, inú ọkọ̀, lóru, lójú ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ ń ṣe ọmọ.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
Òótọ́ ni, mo gbà. Ti ọmọ ni mi ò rò.

Máníjà Òṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu àwa náà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bójú tó ilé ìtura kékeré, yàrá méjìlá péré. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ iná ti di ẹkún fún wa. Iná ọba lè má yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí àlejò mẹ́rin bá wà nílé, tí mo sì tan ẹ̀rọ mọ́jú, gbogbo owó tí wọ́n san, inú epo ló ń wọ̀, mi ò tíì sanwó òṣìṣẹ́. Ti irun yẹn, mi ò lè gbèjà ẹnikẹ́ni. Ìmẹ́lẹ́ gbáà ni. Àmọ́ ti iná, ẹ ṣàánú wa.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun sà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n kọ ọ́ pé aago mẹ́wàá ni wọ́n ń pa á, ǹ bá gbé fáànù oníbátìrì wa dání, ilé ló wà. Tọ̀sántòru ni wọ́n kọ.

Àǹtí Bísí
Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn! Ẹ sọ òótọ́ fún wa ká tó sanwó.

Àdùkẹ́ Àgbádárìgì
Kútọnù ni tèmi, lásìkò Iléyá. Àwọn tó dá wa dúró kí á tó kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ti tán wa lókun. A dé hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù wà. Lóòótọ́, ó wà lára ògiri. Rìmóòtù ló wà lọ́wọ́ wọn, àfi ká san ẹgbẹ̀rún méjì sefà sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Faransé nínú wa. Ìyá tó ń nu ilẹ̀ ló gbọ́ tí à ń fi Yorùbá ráhùn. Ọmọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni. Ó gbé mọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má sanwó kankan, ọmọ mi." Ó wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì mú rìmóòtù bọ̀. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún un dòní.

Àǹtí Bísí
Olúwa á bá wa kẹ́ ìyá yẹn.

Adé Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ti Ìkọ́gòsì yẹn, omi gbígbóná àti tútù pàdé níbẹ̀, wọn kì í sì í dàpọ̀. Iṣẹ́ Olúwa.

Tísà
Wọ́n ń dàpọ̀, arákùnrin. Ní orísun, gbígbóná yẹn tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Kó tó dé ibi tó ti pàdé tútù, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 37. Ibi ìpàdé yẹn lẹ ti lè ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kẹ́ ẹ ki èkejì bọ tútù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ máa rí i pé ó ti di lọ́wọ́lọ́wọ́.

Adé Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ìyá àgbà mi ní ìyàwó ọdẹ kan náà làwọn méjèèjì, onínú fùfù ló di gbígbóná. Tìyá àgbà ni màá tẹ̀ lé.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
Ìyá Ìbejì ò tíì sọ ti owó.

Ìyá Ìbejì
Wọn ò dá a padà, sà. Ọ̀gá wọn ò gbé fóònù. Ọmọbìnrin kan péré ló wà nílé, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ojú ń tì í. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti fi sítóòfù ara rẹ̀ gbé omi kaná fún Ìdòwú láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Mi ò lè pariwo mọ́ ọn. A fi alẹ́ kejì sílẹ̀ fún wọn, a kọjá sí Adó, ilé àbúrò bàbá Ìbejì la sùn, lórí ẹní, a sì sùn dáadáa.

Ìyàwó Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ lọ Ìdànrè ní Àjíǹde. Níbo la lè sùn?

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́
Ẹ sùn s'Ákùúrẹ́, kẹ́ ẹ jí lọ, kò jìnnà. Àtẹ̀gùn òkè yẹn lé ní 600, ẹni tí kò sùn ò lè gùn ún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi lójú yín.

Ìyàwó Tuntun
Ọmọ ọdún márùn-ún lè gùn ún?

Àǹtí Bísí
Tèmi gùn ún dé ibi ìsinmi kejì. Bàbá rẹ̀ ló gbé e kọ́rùn dókè.