Wọ́n fẹ́ fi irin sí ìbàdí àbúrò mi tó jẹ́ SS, èwo ló dáa jù?

Bọ̀dá Mushin:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 29, SS ni. Ó pẹ́ tó ti ń tiro, a rò pé crisis tó máa ń ní náà ni, ó ń lo oògùn ìrora lọ, ìgbà tí ò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́ la tó lọ ya X-ray, dọ́kítà ní orí eegun itan ẹ̀ ti kú, ó ti wó, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n wá bi wá ṣé titanium la fẹ́ ni àbí ceramic, owó wọn jìnnà síra gan-an. Ṣé irin yẹn ò ní dípẹtà nínú ara? Ọdún mélòó ló máa lò? Ṣé á lè bímọ? Ìyá wa ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ẹni tó bá mọ̀ kó dákun bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́ọ̀dù eegun ni mo wà níbí. Titanium àti ceramic ò bára wọn du ipò o. Ọ̀pá tó ń wọnú eegun itan lọ, titanium ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Orí róbótó tó jókòó lé e, cobalt-chrome ni, ìyẹn irin míì, tàbí ceramic tó dà bíi tánganran. Ife kan tún wà tí wọ́n ń kàn mọ́ eegun ìbàdí, rọ́bà líle tí wọ́n ń pè ní polyethylene ló wà nínú ẹ̀. Orí yẹn àti rọ́bà yẹn ló ń ra ara wọn, ibẹ̀ ló ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Orí tí ẹ fẹ́ ni wọ́n ń bi yín. Ceramic dán ju irin lọ, kì í tètè jẹ rọ́bà, ìdí tí wọ́n fi ń fi sí ọ̀dọ́ lára nìyẹn. Àmọ́ tówó ò bá tó, cobalt-chrome lórí rọ́bà tòde òní náà dáa, ẹ má torí ceramic ta ilẹ̀. Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ gbà ni orí irin nínú ife irin. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní DePuy ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ ASR, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2010, torí irin ń ra irin, cobalt àti chromium wá ń wọ ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn.

Titanium kì í dípẹtà, eegun tiẹ̀ máa ń hù mọ́ ọn. Ti ọdún, ìwádìí kan tó jáde ní 2019 sọ pé nínú 100, nǹkan bí 58 ló ń lo ọdún 25. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn o, ọmọ ọdún 29 á rìn jù wọ́n lọ, torí náà ẹ fi sọ́kàn pé wọ́n lè tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Á bímọ, kó ṣáà sọ fún àwọn tó máa gbẹ̀bí ẹ̀.

Àṣàkẹ́ Warrior:
Èmi náà SS, wọ́n ti ṣe tèmi. Bọ̀dá, ẹ fi ọ̀rọ̀ irin sílẹ̀ ná, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀jẹ̀. Èló ni PCV ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, ṣé wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kó tó wọ tíátà, kí omi má gbẹ lára ẹ̀, kí òtútù má mú un, ta ló máa wà nítòsí tí crisis bá dé. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, kò sẹ́ni tó béèrè genotype mi, mo bá gbé báàgì mi. Tí eyín bá ń dùn ún tàbí ìtọ̀ ń ta á, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìbàdí, kòkòrò tó bá débi irin yẹn, lílé ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Tó bá délé, kò gbọdọ̀ lóṣòó, kò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ́ra, kó fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ sùn títí dọ́kítà á fi ní ó tó. Èmi ò kúnlẹ̀ kí àwọn ẹbí ọkọ mi nígbà yẹn, wọ́n ń wò mí bí ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́, mo ní ẹ má bínú mà, irin ń bẹ ní ìdí mi 😂

Alágbo Gidi:
Ẹ gbìyànjú àgbo àti ìfọwọ́ra ná jàre, òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa gé èèyàn. Irin yẹn á sì máa ké ní airport.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba:
Ẹ̀gbọ́n, ó lè ké lóòótọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Bàbá tó ń to eegun, eegun tó ṣẹ́ ló ń tò. Èyí ò ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé ló dí iṣan tó ń bọ́ ọ, ló fi kú. Kí wọ́n máa fà á, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, á túbọ̀ wó ni.

Bọ̀dá, nǹkan kan tún kù. Lébẹ́ẹ̀lì máa ń wà lára páálí irin yẹn, orúkọ, sáìsì àti nọ́ńbà ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀kan, ẹ yà á sórí fóònù pẹ̀lú, ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀la á béèrè ẹ̀.

Bọ̀dá Mushin:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. A máa béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyá wa ń bi mí báyìí báwo ló ṣe fẹ́ máa kírun.

Àṣàkẹ́ Warrior:
Lórí àga ni mà. Kẹ́ ẹ ra èyí tó ga tó sì lápá, kì í ṣe rọ́bà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń yà yẹn o.