Ọmọ mi ń ju bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù: ọ̀nà wo ni yóò gbà?

Ìyá Ìbejì, Ìbarà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, débi pé òwú pupa tí wọ́n fi rán bọ́ọ̀lù náà ti bó o ní ìka. Báwo ni yóò ṣe di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀?

Bàbá Akọ́nimọ̀ọ́gbá, Kútọ̀: Àwọn tó ń gbé tàbí tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni àṣàyàn ọdọọdún, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá (líìgì béésìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà) fi ń yan ọ̀dọ́ eléré, wà fún, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ tiwa lè bá a tọwọ́ bọ̀wé tààrà láti ọmọ ọdún 16. Tayler Scott, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ju bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá lọ́dún 2019.

Olùkọ́, Àké: Òótọ́ ni, Bàbá. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ìgúnpá rẹ̀. Bó bá ti ń ro ó, kó sinmi.