BP (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tó ń parí sí òdo ṣáá: báwo la ṣe ń kọ́ àwọn olùwádìí tuntun?

Ará Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀dọ́ mẹ́fà la ń kọ́ fún ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí ni wọ́n fi dánra wò, ṣùgbọ́n nínú 60 nọ́ńbà òkè BP (ti ìgbà tí ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde) tí wọ́n kọ, 41 ló parí sí òdo. Ṣé kò burú? Ṣé a sì lè dúró sí Ọjà Olúwo ká máa wọn ẹni tó bá ń kọjá? Ìyẹn ló máa yá jù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ó burú. Méjì-méjì ni ìlà ẹ̀rọ yẹn ń lọ, 0, 2, 4, 6 tàbí 8 ni nọ́ńbà lè parí sí, nítorí náà bíi 12 nínú 60 ló yẹ kó parí sí òdo. Wọn ò ka ìlà, wọ́n ń fojú díwọ̀n ni. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ yára jù. Ìlà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kó máa já wálẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o, 140 gan-an ni ààlà: ẹni tó jẹ́ 138 á di 140 lórí ìwé, ó di aláìsàn nìyẹn.

Ẹ wá stethoscope (ohun tí dókítà fi ń gbọ́ ìró inú ara) tó ní ọ̀nà etí fún ẹni méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jọ gbọ́ apá kan náà, kí kálukú kọ tirẹ̀ láì yọjú wo ti ẹnìkejì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 4 lọ, kò tíì lè jáde lọ sí ìgboro.

Ọ̀já apá náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn apá kọ́kọ́. Rọ́bà inú ọ̀já gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí 80% apá ká. Bó bá kéré fún ìyá tó sanra, BP rẹ̀ á ga lórí irọ́. Bùbá tó há tí wọ́n ká sókè ń fún apá bákan náà, kí wọ́n bọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kẹ́ni náà tọ̀, kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó sinmi ìṣẹ́jú 5. Ẹ kí i tán pátápátá kẹ́ ẹ tó wé ọ̀já, torí Yorùbá ò ní jókòó ti àgbà láì béèrè ilé àti ọmọ, ọ̀rọ̀ sísọ sì ń gbé BP sókè. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pa méjì ìkẹ́yìn pọ̀, kẹ́ ẹ fi méjì pín in.

Onídátà
Ti ọjà yẹn, rárá. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dè mọ́lé ò ní kọjá níbẹ̀, apẹja sì lè wà lórí ọ̀sà. Ẹ kọ orúkọ ilé sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ gègé. Bí ẹni tí gègé mú ò bá sí nílé, ẹ padà lọ nírọ̀lẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fi aládùúgbò rọ́pò rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rò pé 30% ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tẹ́ ẹ sì fẹ́ àṣìṣe tí kò ju 5% sókè-sódò, ènìyàn 323 lẹ máa wọ̀n. Ará àdúgbò kan máa ń jọra, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5: 485. Ẹ fi ti àwọn tó máa kọ̀ kún un, 10%, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi 0.9 pín 485: 539.

Ará Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀rọ oníbátìrì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ó ń wo àìsàn òdo yẹn sàn, kò wo ti ọ̀já tàbí ti ọ̀rọ̀ sísọ. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe tí wọ́n bá délé. Bí ìlù ọkàn ẹnì kan bá sì ń ta gọ́ńgọ́n-gọ́ńgọ́n láìdọ́gba, ẹ má gbára lé ẹ̀rọ náà. Ẹ fọwọ́ wọn tirẹ̀.