Ìmọ̀ràn: Orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ tí gbogbo ayé ń yìn kò wọ̀ mí lọ́kàn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àlàdé_Manchester

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé ìkẹ́rù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru níbí, rédíò ibẹ̀ kì í kúrò lórí orin rọ́ọ̀kì àtijọ́. Ọdún kẹta mi rèé. Bí àwọn orin kan bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á dákẹ́, ẹlòmíì á tilẹ̀ dijú. Èmi á kàn máa gbé páálí mi lọ. Ni mo bá jókòó tì í fúnra mi. Mo gbọ́ Stairway to Heaven ti Led Zeppelin, mo gbọ́ Bohemian Rhapsody ti Queen, Hotel California ti Eagles, àti Like a Rolling Stone ti Bob Dylan. Ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí mo gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí èyí tó mì mí. Ti àkọ́kọ́ yẹn kò tètè débi tó ń lọ, ti Queen ń fò káàkiri, ohùn Dylan sì le koko létí mi.

Ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ Ebenezer Obey láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ń gbọ́ Sikiru Ayinde Barrister lálẹ́, ni wọ́n ti tọ́ mi. Bí mo bá gbọ́ orin, ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà ìlù. N kò bú orin ẹnikẹ́ni o. Ohun tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti fẹ́ràn fún àádọ́ta ọdún kò lè ṣàìní nǹkan nínú. Ó ń dùn mí pé n kò rí i. Kí ni kí n gbọ́? Báwo ni kí n ṣe gbọ́ ọ?

Onígìtá_Abẹ́òkúta

Àlàdé, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ó sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí wọn kò gbé ọ̀rọ̀ sí lẹ ti ń wá a. Nínú orin tiwa, bí akọrin bá panu mọ́, ìyáàlù ṣì ń ki ènìyàn. Nínú Stairway to Heaven, bí orin náà ṣe ń gun òkè, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Gìtá kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fèrè dara pọ̀ mọ́ ọn, ó sì lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ọmọ Yorùbá tó ti mọ́ lára pé ìlù ní í ṣílẹ̀kùn fún orin, ó ti sú u kí John Bonham, onílù wọn, tó gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi í sọ́kàn pé ìlù ń bọ̀, kí ẹ máa retí rẹ̀. Bó bá wọlé, gìtá kan náà tí ẹ ti ń gbọ́ bọ̀ á dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dúró. Títí Jimmy Page yóò fi dá gìtá tirẹ̀ ta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹfà, kò sí ibi tí orin náà ti padà sẹ́yìn.

Ti Hotel California, ẹ fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn. Gìtá méjì ni, Don Felder àti Joe Walsh. Èkíní sọ̀rọ̀, èkejì fèsì, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn, nígbà tó yá wọ́n jọ ń sọ ọ́ pọ̀, ohùn ọ̀kan lókè, ohùn ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo lo oṣù méjì kí n tó lè ta apá tó gbẹ̀yìn yẹn pẹ̀lú àbúrò mi láìjẹ́ pé ọ̀kan sáré ju èkejì lọ. Ẹ fi íápíìsì sétí gbọ́ ọ nílé. Ariwo ibi iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ rí i.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Onígìtá, mo fara mọ́ ọn lórí àwọn méjì yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Dylan. Ọ̀rọ̀ ni tirẹ̀ látòkè délẹ̀. Àlàdé, ẹ wá ọ̀rọ̀ orin náà, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó tún gbọ́ ọ. Obìnrin kan ló ń bá wí, tó ti jayé ọlọ́ba rí, tó ń fi ẹni tó rẹlẹ̀ ṣẹ̀sín, tí ayé wá yí mọ́ lọ́wọ́. Agboolé tí àwọn ìyàwó ilé ti ń fi orin òwe bá ara wọn wí ni mo ti dàgbà, ọjọ́ tí mo kà á ni mo mọ̀ pé orin òwe rèé. Ìdí tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 2016 nìyẹn. Ti ohùn tó le, ẹni tó bá gbọ́ àpàlà dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ohùn oyin nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ dé ọkàn.

Nígbà tó jáde ní 1965, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni rédíò ń fẹ́, òun gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ẹ tún fetí sí ọ́gáànì inú rẹ̀. Gìtá ni Al Kooper bá wá sí sitúdíò lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ní ẹni tí yóò ta á, ló bá lọ jókòó sídìí ọ́gáànì tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń dúró gbọ́ ibi tí àwọn yòókù ń lọ kó tó tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dé lẹ́yìn wọn díẹ̀. Ibi tó ti ń dé lẹ́yìn yẹn ló dùn jù létí mi.

Ti Queen, ègbè lẹ ń retí. Bohemian Rhapsody kò ní ègbè kankan. Ẹsẹ̀ orin jẹ́jẹ́, gìtá, eré orí ìtàgé, rọ́ọ̀kì gidi, lẹ́yìn náà ó tún rọlẹ̀. Bí ẹni ń wo eré Hubert Ogunde ni kí ẹ ṣe gbọ́ ọ, níbi tí orin, ọ̀rọ̀ àti ìbínú ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Gbogbo ohùn tó kún ibẹ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin yẹn, ènìyàn mẹ́ta ni: Freddie Mercury, Brian May àti Roger Taylor. Wọ́n ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ lé ara wọn lórí léraléra ni. Zanzibar ni wọ́n ti bí Mercury ní 1946, nílẹ̀ adúláwọ̀ wa. Bí ti inú àwo kò bá tíì wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ wo fídíò eré ńlá Live Aid, ọjọ́ 13 oṣù Keje 1985 ní Wembley. Òun nìkan nídìí dùrù ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wo ojú àwọn èrò.

Ẹlẹ́gbẹ́_Àkúbà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mi, orin tó le jù lẹ kọ́kọ́ gbé fún un. Ẹni tó bá ní ìlù ni òun ń wá, ẹ fún un ní ìlù ná. Àlàdé, ẹ gbọ́ Jingo ti Santana, nínú àwo wọn àkọ́kọ́, 1969. Orin Babatunde Olatunji ni, ọmọ Ajido, lẹ́bàá Badagry, tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950 tó sì sọ ìlù di iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Inú àwo rẹ̀ Drums of Passion, 1960, ló wà. Ẹ gbọ́ ti Olatunji: ìlù àti ohùn, elégbè ń dáhùn. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ti Santana tẹ̀ lé e. Ìlù náà ṣì wà níbẹ̀, gìtá iná àti ọ́gáànì ni wọ́n fi kún un. Èmi máa ń gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra báyìí fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìlù, mo sì máa ń rí i lójú wọn nígbà tí gìtá bá wọlé.

Lẹ́yìn náà, Sympathy for the Devil ti Rolling Stones, 1968. Ọmọ Gánà kan tí wọ́n ń pè ní Rocky Dijon ló ń lu àkúbà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé àkúbà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má wo ibòmíì.

Bàbá_Surulere

Àbúrò mi Àlàdé, ó dùn mọ́ mi pé o bèèrè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé orin òyìnbó tó jìnnà sí wa ni. Lójú wa níbí ni. Ginger Baker, onílù Cream, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó lẹ́yìn tí Cream túká, ó kọ́ sitúdíò sí Ikeja, ó bá Fela ṣe àwo pọ̀ ní 1971. Laolu Akins àti Berkley Jones bá a ṣeré, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì àti Mike Odumosu dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO sílẹ̀. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó, ọmọ ilé ìwé gan-an ni mo wí o, ṣe àwo Try and Love, wọ́n pe ara wọn ní Ofege.

Ẹ̀gbọ́n mi ra Ofege yẹn. Gramafóònù wa, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń fò, a ó wá fi owó kọ́bọ̀ kan lé apá rẹ̀ lórí kó lè jókòó. Kọ́bọ̀ tuntun ni, ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà yí owó padà. Abẹ́ kọ́bọ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gìtá tí ohùn rẹ̀ fọ́ bí ẹni ń sunkún, mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbà, àtìgbà náà n kò sì kúrò nídìí rẹ̀ mọ́.

Nínú ọdún 1973 yìí kan náà ni Paul McCartney, tó wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, wá ṣe àwo sí sitúdíò EMI ní Apapa. Àwọn olè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, wọ́n gba téèpù tí orin náà wà nínú rẹ̀. Fela wá bá a, ó ní ó fẹ́ jí orin adúláwọ̀ gbé. Band on the Run ni wọ́n sọ àwo náà. Gbọ́ orin tó ni orúkọ yẹn: apá mẹ́ta ni, Èkó ni wọ́n ti gba méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí o bá ti mọ bó ṣe ń yí láti apá kan sí èkejì, ti Queen yẹn kò ní ṣe àjèjì sí ọ mọ́. Ofege, BLO, Cream, Band on the Run. Bí mo ṣe tò ó yìí ni kí o gbọ́ ọ.

Kò_Pọn_Dandan

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n kí Àlàdé má ṣe rò pé àìsàn ló ń ṣe òun. Ta ló ní orin wọ̀nyí ló dára jù? Ìwé ìròyìn Rolling Stone to ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta orin ní 2004, Like a Rolling Stone ló wà lókè. Wọ́n tún un tò ní 2021, Respect ti Aretha Franklin ló bọ́ sókè. Orin méjèèjì kò yí padà, àwọn tó dìbò ni. Ó sì ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń yin omi tí wọn kì í dárúkọ orísun. Big Mama Thornton kọ Hound Dog kí Elvis tó kọ ọ́. When the Levee Breaks tí wọ́n fi ń yin Led Zeppelin, Kansas Joe McCoy àti Memphis Minnie ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1929, lórí omíyalé odò Mississippi ti 1927 tó lé àwọn ènìyàn dúdú kúrò nílé. Gbọ́ ti Memphis Minnie. Gìtá méjì àti ohùn, ó tán. Bí o bá wá fẹ́, gbọ́ ti 1971 náà.

Onígìtá_Abẹ́òkúta

Òótọ́ lẹ sọ nípa orísun. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ti 1971 yẹn, ìlù ló ṣí i, kò sí dídúró kankan. Ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Headley Grange ni wọ́n gbé ìlù Bonham sí, wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ sókè lọ́hùn-ún. Ohùn ilé yẹn gan-an lẹ ń gbọ́.

Àlàdé_Manchester

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Inú bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà àárọ̀, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ni mo ti gbọ́ Memphis Minnie, mo sì fi ti Led Zeppelin tẹ̀ lé e. Mo kà nípa omi 1927 yẹn kí n tó gbọ́ ọ. Ìbàdàn ni ilé wa, màmá mi máa ń sọ bí omi Ògùnpa ṣe wọlé ní 1980, bí wọ́n ṣe gun orí tábìlì tí wọ́n gbé àbúrò wọn lé èjìká. Nígbà tí ìlù yẹn bẹ̀rẹ̀, tó ń bọ̀ wúwo, tí kò yára, omi ni mo gbọ́. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà, mo tún un gbọ́.

Jingo, kò gba àlàyé. Àkúbà Rocky Dijon náà, mo rí i. Stairway, mo dúró de ìlù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mo sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tó dé. Mo ka Dylan. Ìyá Ìbejì, orin òwe ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kí n tó fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Queen kò tíì ṣí fún mi, mo ṣì wà lórí Ofege, Bàbá.

Lálẹ́ àná, mo fi Memphis Minnie sí fóònù fún ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, nígbà ìsinmi. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ Led Zeppelin, kò gbọ́ ti obìnrin yìí rí. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó wá bi mí pé kí ni àwa ń gbọ́ nílé. Pink Floyd ló fẹ́ràn jù, Dark Side of the Moon. Kí ni kí n kọ́kọ́ gbé fún un?

Bàbá_Surulere

Ja Funmi, King Sunny Adé, àwo Juju Music, 1982. Gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀, ó wà nínú Dark Side yẹn, ó sì wà nínú ti Sunny, Demola Adepoju ló ń ta á. Etí rẹ̀ á dá a mọ̀. Jẹ́ kó gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan kí o tó sọ ohun tí gángan ń wí fún un.