Fọ́tò tí mo rí nínú àpótí Bàbá mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Òrùlé yàrá Bàbá ń jò, mo wá ń kó ẹrù wọn síta (ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó yẹ kó wá ràn mí lọ́wọ́ ní òun ní ìpàdé, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn). Bí mo ṣe kan àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Fọ́tò mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀. Bàbá mi ni, wọn ò tíì hu irùngbọ̀n, wọ́n wọ ṣòkòtò kakí péńpé, wọ́n lóṣòó ti màlúù dúdú-funfun kan, wọ́n ń fún wàrà sínú garawa. Ọmú màlúù ọ̀hún tóbi bí agbè. Ẹ̀yìn ọ̀kan, wọ́n kọ "Vom, 1964".

Bàbá mi o! Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo àdúgbò ò mọ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí mo fẹ́ ka ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì, wọ́n fárígá. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò níí da màlúù. Mo lọ ka ìṣírò owó. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ka owó olówó. Wọn kì í fẹnu kan mílíìkì, tíì lásán ni wọ́n ń mu. Wọ́n máa pé ọdún 82 lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbé fọ́tò yìí síwájú wọn lójú agbo, kí wọ́n ṣàlàyé? Inú ń bí mi gan-an.

Ìyá Ìbejì: Àgbà ọdún 82 lo fẹ́ pè lẹ́jọ́ níwájú àlejò? Dá fọ́tò padà síbi tó wà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Vom! Ìtòsí Jos nibẹ̀. Jos ni wọ́n bí mi sí, aṣọ ni bàbá mi ń tà níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran Vom ti wà láti 1924. Òkè ibẹ̀ tutù, eṣinṣin tsetse tó ń ṣe màlúù níbi ò rí ibẹ̀ gbé dáadáa, ìyẹn ni màlúù òyìnbó fi lè gbé ibẹ̀. Friesian là ń pe àwọn dúdú-funfun yẹn. Wọ́n tún mú wọn gun màlúù Fúlàní kí wàrà lè pọ̀. Ní Disẹ́ńbà, súwẹ́tà méjì ni màámi máa ń wọ̀ fún mi kí n tó jáde. Áà, Jos ìgbà yẹn!

Baba Rámọ́tà: Dá a padà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ta ló tiẹ̀ ní kí o tú àpótí bàbá ẹ? Kò ní àgádágodo ni?

Ẹni tó béèrè: Ẹ má bínú, sà. Ó ní in, ó ti dípẹta, mo fi òòlù gbá a díẹ̀ ni. Òjò ń rọ̀ lé e lórí. Mo ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ìgbọràn.

Àdùkẹ́ Ìlọrin: Ẹ má bú u. Rélùwéè ni bàbá tèmi ti ṣiṣẹ́, wọ́n kú ká tó béèrè ohunkóhun. Fọ́tò wà, a ò mọ orúkọ ẹnì kan níbẹ̀. Jókòó tì wọ́n nígbà tílé bá dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ohun témi náà sọ nìyẹn.

Àdùkẹ́ Ìlọrin: Rárá mà, ẹ ní kó dá a padà ni.

Dókítà Ẹran: Ẹ dákún, ẹ jẹ́ n béèrè. Kí ló mú Bàbá kúrò ní Vom? Ṣé wọ́n máa ń ṣàìsàn nígbà tí ẹ wà ní kékeré?

Ẹni tó béèrè: Wọn ò sọ rí. Ibà ni mo mọ̀. Ibà Bàbá kì í tán, á lọ, á tún padà. Òógùn á rin aṣọ wọn gbingbin lóru. Ìbàdí ń dùn wọ́n, wọ́n ṣì ń tiro títí dòní. Kí ló kan fọ́tò ńbẹ̀?

Dókítà Ẹran: Mi ò lè fi ẹnu lásán sọ ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí màlúù ń kó ran èèyàn, brucellosis, bó ṣe máa ń ṣe èèyàn gan-an nìyẹn. Nínú wàrà tí a ò sè ni wọ́n ti ń kó o, tàbí lára ọlẹ̀ màlúù tí oyún ẹ̀ bàjẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ gbà mí. Mo ní màlúù. Mẹ́ta, lọ́nà Ìsẹ́yìn, ọdún kejì rèé, Bàbá ò mọ̀. Oyún ọ̀kan bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, ọwọ́ lásán ni mo fi gbé e sin. Àwọn ọmọ mi ń mu wàrà ẹ̀ bó ṣe ń gbóná láti ọmú.

Baba Rámọ́tà: Lá ìláhà! Kí ló dé tóò ti sọ ìyẹn látàárọ̀?

Dókítà Ẹran: Kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́ láìjẹ́ pé ó hó lórí iná. Ìwọ àtàwọn ọmọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́la, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin màlúù, torí ibà lásán ni wọ́n máa rò. Oògùn wà, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Má ta màlúù yẹn fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, wàrà tí wọ́n fi ewé bomubomu sè ńkọ́? Mo ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Dókítà Ẹran: Tó bá hó dáadáa lórí iná, ẹ máa jẹ ẹ́, mà.

Ẹni tó béèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yàrá wọn. Mo gbé fọ́tò lé wọn lọ́wọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n wo fọ́tò pẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ta ló ń fún wàrà wọn?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n tan iná, kí n na ọwọ́ mi méjèèjì kí àwọn wò ó.